Fìlà Tí Ògúnṣẹ̀yẹ Búra Fún

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ọkùnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ní Òkè-Àsá tó wà láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọkọ, bí ọba bá wàjà tí ọmọkùnrin tí yóò jẹ tẹ̀lé e kò sí nílé, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni a máa ń gbé sórí àpèrè kó máa delé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dé e ní fìlà ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin ti tán lára rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Kò gbọdọ̀ dirun, kò gbọdọ̀ ró ìró, kò sì gbọdọ̀ sùn nílé ọkọ. Agbádá ni yóò máa wọ̀, Kábíyèsí ni a ó máa pè é, àwọn àgbà tó gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ yóò sì máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Èmi Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí bàbá mi, Olókè, wàjà. Ọkọ mi ti kú sí ibùdó ogun Kírìjì, ọmọ méjì tí mo bí fún un kò sì dúró. Àbúrò mi Adéfẹ̀sọ̀ ló yẹ kó jọba, ṣùgbọ́n àwọn akónilẹ́rú ti mú un lọ lójú ọ̀nà oko ní ọdún tó ṣáájú ikú bàbá wa. A kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ogun Kírìjì ti wọ ọdún keje nígbà tí mò ń sọ yìí. Ogun ńlá wà lọ́hùn-ún, lápá Ìmẹ̀sí, níbi tí ìbọn ti ń dún látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ogun ńlá yẹn kọ́ ló fẹ́ pa wá. Ogun kékeré ni. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òjérìndé sá kúrò ní ibùdó pẹ̀lú irinwó ọmọ ogun, kò sin ọba kankan mọ́, ohun tí ẹlòmíì gbìn ló ń jẹ kiri. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ òkè wa, ó sì tẹ̀dó lé ìsun Ẹlẹ́mi, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọnmi.

Àpáta ni odi wa, ọ̀tá kì í gùn ún. Àmọ́ a kì í mu àpáta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ń gbọn ìrì orí ewé kókò sínú igbá ní ìdájí, àwọn ọmọdé ń jẹ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ìrèké. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun èbù iṣu jẹ. Ẹni tó bá ń jẹ èbù, ọdún tó ń bọ̀ ló ń jẹ yẹn, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n, a sì ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni ìránṣẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ gba ọ̀nà ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn òkè, tí kò dé ibi omi kankan nítòsí, wọlé tọ̀ wá wá. Balógun kan ni Ògúnṣẹ̀yẹ. Ó pàgọ́ sójú ọ̀nà Àrámọkọ. Ará ọ̀nà jíjìn ni, níbi tí obìnrin kì í ti í delé ọba. Ìránṣẹ́ náà dúró níwájú ìgbìmọ̀, ètè rẹ̀ tutù, ojú gbogbo wa sì wà lára ètè náà.

“Balógun ní kí n kí yín,” ló wí. “Ó ní igba ìbọn ni òun ní, ọgọ́ta nínú wọn jẹ́ tuntun, àwọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Ó ní ọjọ́ kan péré ni òun máa fi lé Òjérìndé. Ohun tí òun ń fẹ́ kò ju Ọmọba Àmọ̀kẹ́ lọ. Kí ẹ fi í fún òun ṣaya, kí ẹ sì fọwọ́ sí i pé ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó bá bí fún òun ni yóò jẹ Olókè.”

Ọmọba Àmọ̀kẹ́! Lójú mi, lórí àpèrè bàbá mi, pẹ̀lú fìlà lórí! Òùngbẹ tó ń gbẹ mí fò lọ, ìbínú rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú un jáde kó lọ jókòó sí ìta ná.

Ọdọ́fin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ni olórí ogun wa, ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan. “Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi obìnrin mu ìtọ̀ ewúrẹ́ lánàá. Ìyá rẹ̀ ló fún un. Ta ni kò tíì fọmọ fọ́kọ rí?”

“Ta lo fẹ́ fi fọ́kọ?” Èjẹ̀mu Awóṣùsì dá a lóhùn. Òun ni àgbà ìjòyè, ó ti fi bàbá mi jọba, òun náà ló sì dé mi ní fìlà. “Ọba lo fẹ́ fi fọ́kọ? Ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin ni nínú ulé yín?”

“Ṣebí a lè ṣí fìlà náà, bàbá.”

“Ká ṣí i, ká dé ta? Ìlú tí àpèrè rẹ̀ bá ṣófo lójú ogun, Òjérìndé ò tún níṣẹ́ kan níbẹ̀ mọ́.”

Ibẹ̀ ni Awódélé ti yọhùn. Ọmọ bíbí Òkè-Àsá ni. Wọ́n tà á nígbà èwe, àwọn Òyìnbó gbà á lórí omi, wọ́n tọ́ ọ ní Sàró, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì wọ ọkọ̀ dé ilẹ̀ Òyìnbó fúnra rẹ̀ kó tó padà sílé pẹ̀lú ewú lórí. Bàtà aláwọ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kì í bọ́, àní bó bá ń jókòó lórí ẹní.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀,” ló wí. “Ní ìlú Òyìnbó, obìnrin ló wà lórí ìtẹ́ báyìí. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti gorí rẹ̀. Orí ìtẹ́ náà ló wà tó fi lọ́kọ, ìtẹ́ kò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló fẹ́.”

“Èèwọ̀!” Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ìjòyè, tòùngbẹ tòùngbẹ. “Ẹbí ẹni!”

“Tiwọn nìyẹn. Ọkọ náà kò jọba. Ẹ̀yìn aya rẹ̀ ló ń rìn títí ó fi kú. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí, wọ́n sì ń fi wọ́n fún ọmọ ọba ìlú yìí àti ìlú tọ̀hún.”

Èjẹ̀mu fara balẹ̀ wò ó. “Àwọn ìlú náà wá fi ogun sílẹ̀?”

Awódélé họ orí. Kì í purọ́, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀. “Wọn ò fi í sílẹ̀, bàbá. Ìlú ọkọ ọmọ rẹ̀ kan gbógun ti ìlú ìyàwó ọmọ rẹ̀ míì, wọ́n sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìlú kan tún wà tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń jẹ tipẹ́. Wọn kì í fi obìnrin jọba níbẹ̀, ni àbúrò bàbá rẹ̀ bá gba ibẹ̀ lọ. Ogun ti pa ìlú yẹn rẹ́ báyìí. Mo máa ń rò ó pé ká ní ọkùnrin ni wọ́n bí ọba obìnrin náà, ìlú méjèèjì ni ì bá jẹ papọ̀, ta ni ì bá sì gbójúgbóyà láti gbógun tì í?”

“Ká ní, ká ní,” ni Ọdọ́fin wí. “Ká ní omi wà, ta ni ì bá jókòó síbí tẹ́tí sí ìtàn Òyìnbó?”

Èmi ló bi í ní ìbéèrè tó kù. “Awódélé, obìnrin yẹn. Ta ló gbójúgbóyà wí fún un pé kó wá di aya òun?”

“Kò sẹ́ni tó lè wí i, Kábíyèsí. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹnìkan kì í tọrọ ọba. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin náà wọlé, tó sì sọ fún un.”

Mo wo Èjẹ̀mu, Èjẹ̀mu wò mí. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ti wà lójú tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe ìránṣẹ́ wọlé. “Lọ sọ fún Balógun pé kó wá fúnra rẹ̀. A kì í rán ènìyàn lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna ẹni.”

Ó gba ọ̀nà ewúrẹ́ kan náà dé ní ọjọ́ kẹta, lówùúrọ̀, pẹ̀lú ọkùnrin méjìlá. Kèrègbè omi mẹ́wàá ló fi ṣe ìdána. Mo rí i tí àwọn arúgbó ń sunkún nígbà tí wọ́n gbé kèrègbè wọ̀nyẹn kọjá, mo sì ní kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọdé kó tó kan àgbà kankan. N kò ní purọ́, ọkùnrin náà dára. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì jìnnà. Ó wo fìlà orí mi bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

Èjẹ̀mu dìde. “Balógun, o káàbọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yìnbọn fún Òkè-Àsá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra fún àpèrè. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yóò tẹ̀lé e.”

Ògúnṣẹ̀yẹ kò rí ohun kan tó burú níbẹ̀. Ìlú wo ni wọn kì í ti í mú jagunjagun búra? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kì í: “Ògúnṣẹ̀yẹ, ọmọ alágbẹ̀dẹ ayọ́-irin-bí-òrí, a-dúró-lójú-ìjà-má-bojú-wẹ̀yìn!” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó fi ahọ́n kan àdá Ògún, ó sì ń tẹ̀lé Èjẹ̀mu wí i:

“Ẹni tó dé fìlà yìí, bàbá mi ni. Ohun tó bá wí ni n ó ṣe. Bí mo bá da bàbá mi, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ mi lójú ogun, kí irin ọwọ́ mi kọ̀ mí.”

“Àṣẹ,” ni gbogbo ilé wí. Àwọn ọkùnrin méjìlá rẹ̀ náà wí i.

“O ṣeun, ọmọ wa,” ni Èjẹ̀mu wí. “Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyàwó. Yan ọmọge tó bá wù ọ́ nínú ìlú yìí. Bàbá rẹ nìkan ni o ò lè fẹ́.”

Ó pẹ́ kó tó yé e. Mo rí i bó ṣe ń yé e, láti ọrùn rẹ̀ lọ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìbọn, ó dúró. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gbọ́ ìbúra náà, kò sì sí jagunjagun tí yóò tẹ̀lé ẹni tó bá da Ògún dé ojú ìjà. Ọ̀kan nínú wọn kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ni òun náà bá rẹ́rìn-ín, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. “Bàbá àgbà yìí, ẹ pa mí o!”

Awódélé nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. “Ẹ̀tàn ni, Kábíyèsí,” ló wí fún mi nígbà tí wọ́n lọ tán. “Ẹni tí a fi ẹ̀tàn dè, ibi tí okùn ti lè tú ló máa wá.” Mo ní ẹ̀tàn tó bá fún ọmọdé lómi, mo gbà á. Ṣé mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?

Ìjà náà kò pẹ́. Nínú ìkùukùu òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnṣẹ̀yẹ gba ọ̀nà Àrámọkọ yọ sí wọn lẹ́yìn, àwa yí òkúta lù wọ́n láti òkè. Kí oòrùn tó là, Òjérìndé ti sá gba ọ̀nà Ìjerò lọ. Mọ́kànlá kú nínú tiwa. A bá Ọdọ́fin létí ìsun Ẹlẹ́mi, ọta ti wọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà nínú omi. N kò mọ̀ bóyá ó rí i mu.

Ògúnṣẹ̀yẹ kò lọ. Ó ní òun ń ṣọ́ wa. Igba ènìyàn ń jẹ iṣu wa, ní àràárọ̀ ni yóò sì wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ẹ̀rín lẹ́nu: “Bàbá mi, ṣé ẹ jí ire?” Mo máa ń dáhùn pé mo jí ire, ọmọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọdẹ kan ti Ẹ̀fọ̀n wá. Adéfẹ̀sọ̀ wà láàyè! Ó ti sá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó mú un, ó wà nílé ọ̀rẹ́ bàbá wa ní Ẹ̀fọ̀n, egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní ká wá gbé òun. Ẹ ò gbọ́ ariwo tí mo pa. Mo jó. Ọba kì í jó ní gbangba, mo jó, omi ń dà lójú mi. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, Ògúnṣẹ̀yẹ ló ń jó ju gbogbo wa lọ.

Ó dúró kí àwọn ènìyàn tú ká. Ó dọ̀bálẹ̀. “Bàbá mi, ọjọ́ wo ni ẹ máa ṣí fìlà?”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

“Ẹni tó dé fìlà ni mo búra fún. Ọjọ́ tí Ọmọba Adéfẹ̀sọ̀ bá dé e, òun ni bàbá mi. Ẹ̀yin á wá di Àmọ̀kẹ́, ìlú kan kò sì ní kọ̀ fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ikú.” Ó dìde. “Ó mà ṣe o, egbò ẹsẹ̀ àbúrò yín. Egbò ogun kì í tètè san. Ọmọkùnrin ló yẹ kó tètè wà nílé yìí, ká má baà ṣìnà.”

Ohun tó ń sọ yé mi. Bí mo bá di aya rẹ̀ tí mo sì bí ọmọkùnrin kan, ẹ̀mí Adéfẹ̀sọ̀ kò tó ẹ̀mí adìẹ mọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Èjẹ̀mu. Ó ní kí n fi àbúrò mi sílẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, kí n má ṣí fìlà. “Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Ta ni yóò bi yín?” Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe nítorí Ògúnṣẹ̀yẹ nìkan. Ìjọba dùn. Ó dùn kí ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ilé pa rọ́rọ́. Adéfẹ̀sọ̀ ń jẹrora nínú ilé onílé, èmi sì jókòó, mò ń wò ó bóyá kí n fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ojú ara mi tì mí.

Ní ọjọ́ kẹta mo pe gbogbo ìlú sí ojúbọ Ògún. Ògúnṣẹ̀yẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ọba bá wí níbẹ̀, tí Èjẹ̀mu sì fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lé e lórí, ó ti di èèwọ̀ ìlú nìyẹn.

“Èmi Olókè,” ni mo wí, “kí n tó ṣí fìlà yìí, mo pàṣẹ kan. Obìnrin tó bá ti delé fún ọba ní Òkè-Àsá, ọmọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ gorí àpèrè, òun àti àtìrandíran rẹ̀. Orí mi ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ mi bá gùn ún, kó má rí ẹ̀yìn ọjọ́ náà.”

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti sin ọmọ méjì, mo sì ṣì ń retí òmíràn lálaalẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Èjẹ̀mu gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí bóyá n ó dá a dúró. N kò dá a dúró. Ó lu ìyókù.

Ògúnṣẹ̀yẹ jáde síwájú. Kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé nítorí tèmi ni?”

“Nítorí tìrẹ ni.”

“Ìyàwó mẹ́rin ni mo ní nílé. Ẹ mọ̀ pé àpèrè ni mo ń wá.”

“Mo mọ̀.”

Ó dọ̀bálẹ̀, àyà kanlẹ̀, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, igba ìbọn ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní ọ̀nà Àrámọkọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ a sì ti ń gbọ́ pé Òjérìndé ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ lápá Ìjerò.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé àbúrò mi dé lórí ẹní tí wọ́n so mọ́ igi méjì. Ó ti rù. Nígbà tí àwọn ìjòyè ṣe gbogbo ètùtù tán, mo ṣí fìlà lórí ara mi, mo dé e fún un, mo sì kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Orúnkún mi ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe é.

Ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, kó ku àwa méjì. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “wọ́n ti sọ fún mi lọ́nà. Ọba ló pa àṣẹ yẹn, èmi náà ti di ọba. Mo lè tú u lónìí.”

“Bí ẹ bá tú u, Kábíyèsí, Ògúnṣẹ̀yẹ á ti gbọ́ kó tó délé. Ọ̀nà kan náà ló máa gbà padà.”

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. “Àwọn ọmọ tí ẹ máa bí ńkọ́?”

“Wọ́n á ṣe àgbẹ̀,” ni mo wí.